Ilé Là Ń Wò Ká Tó Mú Ọmọ

Bí oṣù kẹfà bá ti ń sún mọ́lé lọ́dọọdún, ariwo kan náà ni àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní Amẹ́ríkà máa ń pa, àwọn tiwa tó ń bá wọn wò ó ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Houston a sì máa gbè wọ́n lẹ́sẹ̀: ta ni kí ẹgbẹ́ wa mú? Ọjọ́ draft ló ń bọ̀, ọjọ́ tí ẹgbẹ́ 30 inú NBA ń tò tẹ̀ léra wọn láti yan àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọṣẹ́. Àwọn tí ọwọ́ wọn kò mókè ní sáà tó kọjá ló ń wà níwájú ìlà. Ẹnì kan á ní ọmọ tó ga jù ni kí wọ́n mú, nítorí pé gíga kò ṣeé kọ́. Ẹnì kejì á ní irọ́ ni, ọmọ tó lè ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n láti ọ̀nà jíjìn ni ayé ń wá báyìí. Ẹnì kẹta á ní ọmọ ọdún 19 ṣì máa dàgbà, pé ẹni tó bá ti pé 22 ti gbó sílé ẹ̀kọ́. Wọn á wọn bí apá ṣe gùn tó, wọn á wọn bí ẹsẹ̀ ṣe ń fò tó, wọn á sì bú ara wọn tìyá-tìyá lórí ọmọ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì rí lójúkojú.

Ìgbàgbọ́ kan ló wà nídìí ariwo yìí, òun ni mo sì fẹ́ bá jà. Wọ́n gbà pé ọmọ ni gbogbo nǹkan: ẹni tó máa di ìràwọ̀ ti di ìràwọ̀ kó tó débẹ̀, iṣẹ́ ẹgbẹ́ kò ju kí wọ́n dá a mọ̀ láàárín èrò lọ. Ẹgbẹ́ tó bá mú un ti là, èyí tó bá fò ó ti gbé. Inú ìgbàgbọ́ yìí ni èkejì ti jáde, ó sì ti gbilẹ̀ ju ìyá rẹ̀ lọ: pé ó bọ́gbọ́n mu kí ẹgbẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ máa pàdánù, ọdún kan, ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, kí wọ́n ṣáà lè wà níwájú ìlà. Èmi ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ilé tó gba ọmọ ló ń sọ ọ́ di ohun tó dà, ẹgbẹ́ tó bá sì ń fi ìpàdánù wá ọmọ, ilé tí ọmọ náà máa gbé ló ń wó. Àwọn baba wa ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwa ti sọmọ lórúkọ tán, a ti rà á láṣọ, a kò tíì bojú wo ilé.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ ọmọ tiwa bẹ̀rẹ̀. Ní 1984, Houston Rockets ló kọ́kọ́ mú, ọmọ Èkó ni wọ́n sì mú, Hakeem Ọlájuwọ́n. Portland Trail Blazers ló tẹ̀ lé wọn, wọ́n mú Sam Bowie. Chicago Bulls ló ṣe ìkẹta, wọ́n mú Michael Jordan. Láti ọjọ́ náà di òní, bí àríyànjiyàn draft bá ti bẹ́ sílẹ̀, Portland ni wọ́n á kọ́kọ́ nà ní pàṣán. Wọ́n ní òpè ni wọ́n, pé wọ́n fi Jordan sílẹ̀ lọ mú ẹni tí eegun ojúgun rẹ̀ ti dá, tí kò sì gbá bọ́ọ̀lù fún sáà méjì gbáko ní yunifásítì Kentucky. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí fà yọ níbẹ̀ ni pé kí ẹgbẹ́ máa la ojú sílẹ̀ bó bá ń mú ọmọ.

Ó dáa. Houston ńkọ́? Àwọn náà fi Jordan sílẹ̀. Jordan gba ife-ẹ̀yẹ mẹ́fà, Hakeem gba méjì. Bó bá jẹ́ pé ká mú ọmọ tó dára jù lọ ni gbogbo ọ̀rọ̀, ó yẹ kí wọ́n máa na Houston náà. Kò sẹ́ni tó ń nà wọ́n, nítorí pé ọmọ tí wọ́n mú yè, ó sì so èso. Ẹ wá béèrè ohun tó mú un yè.

Ìgbà tí Hakeem dé Houston ní 1980, bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá ló mọ̀ nígbà tó wà ní Èkó. Ó ti tó ọmọ ọdún 15 kó tó fọwọ́ kan èyí tó padà sọ ọ́ di olókìkí. Ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, kò gbá ìdíje kankan. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn eré ìdárayá kan wà ní ìlú náà tí wọ́n ń pè ní Fonde. Ibẹ̀ ni Moses Malone, tí NBA ti fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ, ti ń bá a figa gbága nígbà ìsinmi. Malone kò ṣàánú rẹ̀. Á fi èjìká gbún un, á já bọ́ọ̀lù gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì ní jẹ́ kí ọmọ náà ké fáwùlù. Ọ̀dọ̀ àgbà yìí ni ọmọ Èkó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró lábẹ́ àwọ̀n kí ẹnikẹ́ni má lè tì í. Lẹ́yìn náà ni Rockets mú un, kò sì bọ́ sílé òfìfo: Ralph Sampson, tí wọ́n mú ní ipò kìíní lọ́dún tó ṣáájú, ti wà níbẹ̀.

Síbẹ̀, ọdún mẹ́wàá gbáko ló kọjá kó tó gba ife-ẹ̀yẹ. Wọ́n dé àṣekágbá ní 1986, Boston nà wọ́n. Orúnkún Sampson bàjẹ́, wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ní 1992, àárín Hakeem àti àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ dàrú débi pé ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ. Ọdún náà gan-an ni Rudy Tomjanovich di kóòṣì, tí ilé wá bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Wọ́n mú Robert Horry ní ipò 11 ní 1992, wọ́n mú Sam Cassell ní ipò 24 ní 1993, Otis Thorpe ti wà ńlẹ̀. Ife dé ní 1994, òmíràn tẹ̀ lé e ní 1995. Hakeem tó wà níbẹ̀ ní 1992 náà ló wà níbẹ̀ ní 1994. Kí ló yí padà bí kò ṣe ilé?

Ọ̀rọ̀ Jordan náà kò yàtọ̀. Ọdún keje lẹ́yìn tí wọ́n mú un ló tó gba ife àkọ́kọ́, ní 1991, lẹ́yìn tí Scottie Pippen ti dé ní 1987 tí Phil Jackson sì ti di kóòṣì ní 1989. Ẹni tó bá ń búra pé Portland ì bá gba ife mẹ́fà ká ní wọ́n mú Jordan, kó kọ́kọ́ sọ ẹni tó máa jẹ́ Pippen fún wọn àti ẹni tó máa jẹ́ Jackson. Kó sì rántí pé Portland ti ní Clyde Drexler, tí wọ́n mú ní ipò 14 ní 1983, tó ń gbá ipò tí Jordan ń gbá. Drexler gbé wọn dé àṣekágbá lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ wọn ní 1995, ọ̀dọ̀ Hakeem ló lọ, ibẹ̀ ló sì ti gba ife.

Ohun kan wà nínú ìtàn Hakeem tí a kì í fẹ́ sọ nítorí pé ọmọ wa ni. Nígbà náà, owó ẹyọ ni wọ́n ń ta sókè láàárín ẹgbẹ́ méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀kan ní ìlà-oòrùn, ọ̀kan ní ìwọ̀-oòrùn, kí wọ́n lè mọ èyí tó máa kọ́kọ́ mú. Ní ìparí sáà tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n mú Hakeem, wọ́n fẹ̀sùn kan Rockets pé ṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń pàdánù kí owó ẹyọ lè kàn wọ́n. Ariwo ẹ̀sùn náà wà lára ohun tó mú NBA fi ìbò rọ́pò owó ẹyọ ní 1985. Láti ìgbà náà, wọ́n ti tún ìbò náà ṣe léraléra, ọ̀kan pàtàkì lára ìdí rẹ̀ sì ni kí àwọn ẹgbẹ́ yéé fi ìpàdánù ṣòwò. Wọn ò yéé.

Ẹni tó bá mọ tẹ́tẹ́ Bàbá Ìjẹ̀bú kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìbò yìí. Bọ́ọ̀lù kéékèèké 14 tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára ni wọ́n ń dà sínú ẹ̀rọ, atẹ́gùn á máa fẹ́ wọn kiri, wọ́n á fa mẹ́rin jáde. Ọ̀nà 1,001 ni nọ́ńbà mẹ́rin yẹn lè gbà jáde. Wọ́n yọ ẹyọ kan sọ nù, wọ́n pín 1,000 tó kù fún àwọn ẹgbẹ́ 14 tí kò wọ ìdíje ìparí sáà. Láti 2019, 140 péré ló kan ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta tó burú jù, ìyẹn 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí 14 nínú ọgọ́rùn-ún yìí ni àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ṣe ń bínú bí ẹgbẹ́ wọn bá borí lóṣù kẹta. Agbátẹ́tẹ́ ti mú nọ́ńbà, ó ti ń ná owó tí kò tíì jẹ.

Ẹ wo bí ó ṣe já sí. Ní 2023, Detroit Pistons ló burú jù nínú gbogbo líìgì. Ipò karùn-ún ni wọ́n bá ara wọn. Ní 2024, Detroit náà tún ni, ipò karùn-ún. Ní 2025, Utah Jazz ló burú jù, ìdíje 17 ni wọ́n borí nínú 82, ipò karùn-ún. Ipò karùn-ún ni ẹgbẹ́ tó burú jù lè já sí mọ, ọdún mẹ́ta léra wọn ni wọ́n sì já síbẹ̀. Dallas Mavericks ló gba ipò kìíní ní 2025, ohun tó kàn wọ́n nínú ìbò náà kò tó 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àṣekágbá ní 2024 ni Dallas yìí. Luka Dončić ló gbé wọn débẹ̀. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ lọ sí Los Angeles. Ilé tó ti ọmọ síta ni ìbò tún gbé Cooper Flagg, ọmọ ipò kìíní ọdún náà, fún. Ẹni tó bá fi èyí ṣe ètò ọjọ́ iwájú, kó má sọ pé ọgbọ́n ni.

Philadelphia ni olórí ẹlẹ́rìí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti 2013 títí di 2016, Sam Hinkie tó ń ṣètò ẹgbẹ́ náà tú u ká, ó ní kí àwọn èèyàn ní sùúrù. Sáà mẹ́ta, ìdíje 47 ni wọ́n borí nínú 246. Sáà kẹta nìkan, 10 péré. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ sọ ọ́ di orin, wọ́n ní kí a gbẹ́kẹ̀ lé ètò. Wọ́n mú ọmọ lóòótọ́: Joel Embiid ní ipò kẹta, Jahlil Okafor ní ipò kẹta, Ben Simmons ní ipò kìíní ní 2016, Markelle Fultz ní ipò kìíní ní 2017. Okafor kò pẹ́ níbẹ̀. Èjìká àti ọwọ́ tí Fultz fi ń ju bọ́ọ̀lù dàrú, ìdíje 14 ló gbá ní sáà àkọ́kọ́. Simmons bá ẹgbẹ́ jà títí tí wọ́n fi tì í lọ sí Brooklyn ní 2022. Embiid nìkan ló dúró, ó sì di agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ ní 2023. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, títí sáà 2024-25 fi parí, wọn kò kọjá ìpele kejì nínú ìdíje ìparí sáà, ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí kò mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù rí ń dé.

Wọ́n á ní orí burúkú ni, pé eegun ló dá, pé èjìká ló yẹ̀. Mo gbà pé orí wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ọmọ ọdún 19 wọ ilé kan, gbogbo àwọn tó bá níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ orí. Kò sí àgbà tí yóò fi bí wọ́n ṣe ń sùn, bí wọ́n ṣe ń jẹun, bí wọ́n ṣe ń mọ́kàn le lẹ́yìn ìpàdánù hàn án, nítorí pé ìdíje ni àwọn àgbà máa ń borí, ìborí sì ni ẹgbẹ́ ń sá fún. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń nà án ní gbangba. Ta ni yóò kọ́ ọ bí a ti ń borí? Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ní Philadelphia, wọn kò tilẹ̀ kọ́ ilé.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì, kó padà sí Detroit. Ní sáà 2023-24, ìdíje 28 ni wọ́n pàdánù léra wọn, láti ìparí oṣù kẹwàá títí di ọjọ́ 30 oṣù kejìlá kí wọ́n tó ráyè mí. Àwọn èrò inú pápá ń fi ohùn kan pariwo pé kí olówó ẹgbẹ́ tà á. Cade Cunningham, tí wọ́n mú ní ipò kìíní ní 2021, wà lójú pápá. Ní alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù kejìlá yẹn, òun nìkan ju pọ́ìǹtì 41 sáwọ̀n Brooklyn, wọ́n sì pàdánù náà ni, ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n nìyẹn. Ọmọ ipò kìíní wà níbẹ̀. Ọmọ ipò karùn-ún méjì wà níbẹ̀, Jaden Ivey àti Ausar Thompson. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ni gbogbo nǹkan, wọ́n ti ní ju ohun tí wọ́n nílò lọ. Ìdíje 14 ni wọ́n borí kí sáà tó parí.

Ní sáà tó tẹ̀ lé e, Cade kò pààrọ̀ orí, kò pààrọ̀ ẹsẹ̀. Wọ́n gba J.B. Bickerstaff ní kóòṣì. Wọ́n kó àwọn tó ti jẹ iyọ̀ wá: Tobias Harris, Tim Hardaway Jr., Malik Beasley. Àwọn yìí mọ ibi tó yẹ kí wọ́n dúró sí, wọ́n sì ń ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n láti ọ̀nà jíjìn, àwọn alátakò kò wá lè dá Cade nìkan dù bí ti àná mọ́. Ìdíje 14 di 44. Wọ́n wọ ìdíje ìparí sáà, wọ́n borí ìdíje kan níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 2008. Wọ́n ka Cade mọ́ àwọn 15 tó dára jù lọ nínú líìgì. Ọmọ kan náà ni. Àwọn tó ń sọ ní 2023 pé wọ́n ti ṣi ọmọ mú ló tún ń sọ ní 2025 pé àwọn ti mọ̀ tipẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Detroit pe àgbà sọ́jà, orí ọmọ tọ́.

Àwọn alátakò mi ní ẹ̀rí tiwọn, mi ò ní fi bò. Wọ́n á ní Tim Duncan ńkọ́? Ipò kìíní ni San Antonio ti mú un ní 1997, ó sì gba ife márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìdíje 59 ni San Antonio borí ní sáà 1995-96. Ìpalára David Robinson ló gbé wọn ṣubú fún ọdún kan péré. Duncan dé, ó bá Robinson níbẹ̀, ó bá Gregg Popovich níbẹ̀. Ilé ti wà, ọmọ ló kù. Wọ́n á ní LeBron James ńkọ́? Ọdún méje ló lò ní Cleveland láìgba ife, ó lọ sí Miami, ó gba méjì. Nígbà tí kò sí nílé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Cleveland gba ipò kìíní láàárín ọdún mẹ́rin, ní 2011, ní 2013 àti ní 2014. Wọn kò wọ ìdíje ìparí sáà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo títí tí LeBron fi padà wálé.

Oklahoma City ni wọ́n á fi dé mi ládé ẹ̀gún: wọ́n pàdánù dáadáa láàárín 2020 sí 2022, wọ́n sì gba ife ní 2025. Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Shai Gilgeous-Alexander tó jẹ́ opó ilé, ipò 11 ni wọ́n ti mú un, Oklahoma City kọ́ ló sì mú un. Wọ́n fi Paul George gbà á ní 2019, kí ìpàdánù tó bẹ̀rẹ̀. Inú pàṣípààrọ̀ yẹn náà ni ipò 12 tí wọ́n fi mú Jalen Williams ti wá. Lu Dort kò rí ẹgbẹ́ tó mú un rárá lọ́jọ́ draft tirẹ̀. Chet Holmgren, ipò kejì ní 2022, nìkan ni ìpàdánù rà fún wọn nínú àwọn opó náà. Ó fara pa lẹ́sẹ̀, kò gbá bọ́ọ̀lù ní sáà àkọ́kọ́, wọ́n sì borí ìdíje 40 láìsí i. Ilé ti ń tò kí ó tó bọ́ síbẹ̀.

Mi ò sọ pé gbogbo ipò dọ́gba. Ọmọ ipò kìíní sábà máa ń dára ju ọmọ ipò 30 lọ, ẹni tó bá jiyàn èyí ń fi ojú ṣeré. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ ipò kejì àti ìkẹfà, tí ẹ ń tìtorí rẹ̀ ya aṣọ mọ́ ara yín lọ́rùn, kò tó ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilé méjì. Àní ojú yín gan-an kò ríran tó bí ẹ ṣe rò. Ní 2015, New York mú Kristaps Porziņģis ní ipò kẹrin, àwọn èrò hó lé e lórí. Ní 2016, Boston mú Jaylen Brown ní ipò kẹta, àwọn olólùfẹ́ Boston fúnra wọn hó lé e lórí. Ní 2024, Boston gba ife: Porziņģis wà nínú ẹgbẹ́ náà, Brown ni wọ́n sì fún ní àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó ta yọ jù nínú àṣekágbá. Ọdún kan lẹ́yìn Brown, wọ́n ní ipò kìíní lọ́wọ́, wọ́n gbé e fún Philadelphia, wọ́n mú Jayson Tatum ní ipò kẹta. Boston kò fi ìpàdánù ra ipò wọ̀nyẹn. Láti ọwọ́ Brooklyn ni wọ́n ti gbà wọ́n ní pàṣípààrọ̀, ìdíje 53 ni wọ́n sì ń borí lọ́wọ́ nígbà tí ipò kìíní kàn wọ́n.

Masai Ujiri, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà ní Zaria, fi tirẹ̀ hàn ní Toronto. Ẹ ka àwọn tó gba ife ní 2019 pẹ̀lú rẹ̀: Kawhi Leonard, ipò 15, Kyle Lowry, 24, Serge Ibaka, 24, Pascal Siakam, 27, Danny Green, 46, Marc Gasol, 48, Fred VanVleet, ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mú. Bí ẹ bá kó gbogbo wọn síwájú àwọn tó ń jiyàn lóṣù kẹfà, wọn ò ní rí ẹnì kan bá jà lé lórí.

Èyí tó kàn wá jù ni ti Giannis Antetokounmpo, ọmọ Adétòkunbọ̀, tí àwọn òbí rẹ̀ fi Èkó sílẹ̀ lọ sí Áténì. Ojú pópó ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń kiri aago àti àpò. Líìgì onípele kejì ní Gíríìsì ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí Milwaukee Bucks mú un ní ipò 15 ní 2013. Ipò kìíní ọdún náà, Anthony Bennett ni. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ló gbá fún láàárín ọdún mẹ́rin, eré parí. Lónìí, gbogbo ẹnu ló ń sọ pé afọ́jú ni àwọn tó fo Giannis. Ẹ wo ọmọ tí wọ́n fò: ẹni ọdún 18, tínínrín, tó ju pọ́ìǹtì 6.8 ní ìdíje kọ̀ọ̀kan ní sáà àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kan nígbà òtútù, ó ti fi gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, kò ku owó takisí, ó wá ń sáré lọ sí pápá títí tí ẹni kan fi ṣàánú gbé e. Ìdíje 15 péré ni Bucks borí ní sáà yẹn, àmọ́ wọ́n ń lò ó, wọn kò sì kánjú. Ó ju 12.7 ní sáà kejì, 16.9 ní ìkẹta. Jason Kidd gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́ pé kó máa darí eré, ohun tí wọn kì í fún ẹni tó ga tó bẹ́ẹ̀ ṣe. Ó di 22.9, ó di 26.9. Ní 2021, ó ju pọ́ìǹtì 50 lọ́jọ́ tí wọ́n gba ife. Ọdún mẹ́jọ ni. Èwo nínú àwọn ilé tó ń lé kóòṣì lọ́dọọdún ni ì bá ní sùúrù ọdún mẹ́jọ?

Àwa Yorùbá tún ní àìsàn tiwa. Bí wọ́n bá ti pe orúkọ tó jọ tiwa lọ́jọ́ draft, ipò ni a máa ń kà bí ẹni ka oyè. A yọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí Victor Ọládípọ̀ ṣe ipò kejì ní 2013. Orlando tó mú un kò mọ ibi tí yóò fi í sí. Ìgbà tó dé Indiana, ilé kẹta, ló tó tàn. Bam Adébáyọ̀ bọ́ sí ipò 14 ní 2017. Miami ló bọ́ sí, ilé tí a mọ̀ fún títọ́ni, ọdún kẹta ló ti dé àṣekágbá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá béèrè ta ni ìgbàgbọ́ yìí ń ṣe láǹfààní. Kì í ṣe ọmọ tí wọ́n mú, kì í sì í ṣe ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Olówó ẹgbẹ́ ni. Láti sáà 2025-26, nǹkan bí bílíọ̀nù dọ́là 76 ni owó tẹlifíṣọ̀n tí NBA yóò gbà fún ọdún 11. Bí o borí, bí o pàdánù, ìpín tìrẹ yóò kàn ọ́. Ẹni tó bá ń pàdánù ń san owó oṣù tó kéré fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, ó sì ń ta ìrètí fún yín ní owó àgbà. Ní 2018, Mark Cuban tó ni Dallas nígbà náà la ẹnu sọ pé òun ti sọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù òun pé ìpàdánù ló sàn jù. NBA bu owó ìtanràn $600,000 lé e. Ẹni tó sọ òótọ́ síta ni wọ́n tanràn. Àwọn tó ń ṣe é láìsọ̀rọ̀, ẹ̀yin olólùfẹ́ wọn ń pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Ẹ ó ní eré lásán ni, pé ẹ jẹ́ kí a gbádùn àríyànjiyàn wa. Ẹ gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbé e síbi tó yẹ. Bí ọjọ́ draft bá tún dé, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ bi àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ yín léèrè: kóòṣì mélòó lẹ ti lé láàárín ọdún márùn-ún? Àgbà wo ni ọmọ yìí máa bá nílé? Ta ni yóò tún ọwọ́ tó fi ń ju bọ́ọ̀lù ṣe, ọdún mélòó lẹ sì máa fún un kí ẹ tó ní kò dára? Bí wọ́n bá borí lóṣù kẹta, ẹ yọ̀ fún wọn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìborí ń ba ètò jẹ́. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní èsì fún ìbéèrè wọ̀nyí, ọmọ yòówù kí ó mú, yóò sọ ọ́ nù. Ẹgbẹ́ tó bá ní in, kó mú láti ipò 15, ẹ má bẹ̀rù.